Ohun Tí Èémí Tíṣà Ń Sọ

"Ta ló ń fún Tíṣà lóúnjẹ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tó ṣe tán láti dúró de ìdáhùn títí di ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì ń wo èékánná ara rẹ̀. Ìyá Alásè ń wo Nọ́ọ̀sì. Èmi, olùrànlọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ń wo ìwé tó wà níwájú mi, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ń wò mí padà láti inú rẹ̀: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn kíákíá, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà náà dúró lé. Èèyàn méjìlá ló wà nínú ilé ìwádìí wa, gbogbo wọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi máa gbé lọ́dọ̀ wa láì jáde. Mẹ́fà nínú wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìrẹsì, búrẹ́dì, ànàmọ́, ṣúgà, tàbí ohunkóhun tó bá wọn tan. Ẹran, ẹja, ẹyin, bọ́tà àti ewébẹ̀ ni tiwọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ yó. Àwọn mẹ́fà yòókù ń jẹ gbogbo nǹkan, àmọ́ a ti dín in kù: ohun tí ẹnì kan ń jẹ nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a pín in sọ́nà mẹ́rin, a sì fún un ní mẹ́ta. A fẹ́ mọ ohun tí ara máa ń ṣe tí a bá gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó máa ń ṣe tí a bá kàn bu oúnjẹ rẹ̀ kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, a máa ń fi ìbòrí oníke kan tó mọ́ gaara bo orí wọn lórí ibùsùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ á sì máa ka èémí wọn. Ara tó ń jó ṣúgà, tó bá fa ọgọ́rùn-ún ife ọ́síjìn sínú, ọgọ́rùn-ún ife gáàsì kábọ́ọ̀nù ló máa mí jáde. Ara tó ń jó ọ̀rá, àádọ́rin péré ni. Iye yẹn ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀rá ló kù tí ara máa rí jó. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà ti sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: mẹ́rìnléláàádọ́rin, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà nìkan ló dúró sókè bí òpó iná. Ọ̀sẹ̀ kẹta sì nìyí.

"Mà, ẹ má wojú mi o," ni Ìyá Alásè sọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi òṣùwọ̀n dáná nílé yẹn. "Tí eṣinṣin bá bà sórí ẹyin nínú ilé ìdáná mi, mo máa wọn eṣinṣin yẹn kí n tó lé e."

"Mi ò fẹ̀sùn kàn yín."

"Ojú yín ló ń fẹ̀sùn kàn mí."

"Èémí kì í purọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Èèyàn ló ń purọ́. Búrẹ́dì ń wọlé níbì kan. Tá ò bá mọ ibẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, mo máa yọ Tíṣà kúrò nínú ìwádìí yìí, mo sì máa kọ ìdí rẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀: ó da àdéhùn, ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀."

Gbólóhùn yẹn ló lé mi dìde lórí àga. Tí ẹ bá mọ Tíṣà, ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ti kú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà ìdánwò, ó máa ń gbé ìwé ìròyìn bojú, a ó rò pé ó ń kàwé. A kì í mọ̀ pé ó ti lu ihò méjì sí i. Ọmọ tó bá yọ́ ojú sọ́dọ̀ ẹnìkejì, àfi kó gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn bébà: "Ìwọ tó ń yọ ọrùn bí ìjàpá yẹn, dìde." Ọkùnrin yìí ni wọ́n ní ó ń jẹ búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí rẹ̀ kí n tó dé yàrá ìjókòó. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù yanjú àdììtú nọ́ńbà kan nínú ìwé ìròyìn. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, jókòó tì í, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù Nọ́ọ̀sì. Ó ní tí òun bá lo oṣù kan láì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ìka òun á gbàgbé iṣẹ́. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì forúkọ sílẹ̀, ìbò ló sì pín wọn: ọkọ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ìrẹsì, ìyàwó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí à ń bu oúnjẹ wọn kù.

"Kílófàá, sún mọ́bí," ni Tíṣà wí. Orúkọ tó sọ mí ní kíláàsì karùn-ún nìyẹn, torí mi ò lè gbọ́ nǹkan kí n má béèrè ohun tó fà á. "Wọ́n ní mo ń jí wò."

"Wọn ò ní ẹ ń jí wò, Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ dá sí i láì gbójú sókè. "Wọ́n ní ẹ ń jí jẹ. Ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù. Ẹni tó jí wò ṣáà ń wá ìmọ̀."

"Ṣé o gbọ́ ẹni tó yẹ kó gbèjà mi?"

"Èmi tí ẹ ń fi kílò yangàn fún? Kílófàá, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò méjì ààbọ̀ ló lọ lára wọn. Ṣe ni wọ́n ń rìn káàkiri ilé yìí bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Èmi, kílò kan péré."

"Kílò kan sì kéré sí méjì ààbọ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìyẹn."

"Omi ni tiyín! Omi lẹ tọ̀ dànù!"

Òótọ́ ni Mọ́mì, bí mo ṣe máa ń pe ìyàwó Tíṣà, sọ, mo sì rẹ́rìn-ín. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi ló sì fi ń ká a mọ́ra, bí ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ ìrẹsì mọ́, àpamọ́ yẹn á kọ́kọ́ tán, omi á tẹ̀lé e jáde, òṣùwọ̀n á sì máa pariwo ayọ̀ lórí nǹkan tí kì í ṣe ọ̀rá.

"Àmọ́ tiyín náà ní tiẹ̀, mà," mo sọ fún un. "Ara yín ti ń ṣahun. Ẹ̀rọ ní kálórì tí ẹ ń jó lórí ìdùbúlẹ̀ ti fi ọgọ́rin dín kù láti ọjọ́ tí ẹ ti dé."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ń tutù láàárọ̀. Ara mi ní làákàyè ni. Bí aṣọ bá ṣe tó là ń gé e."

Tíṣà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mo lé ọmọ kan jáde nínú ìdánwò rí," ó ní. "Ó kọ ìdáhùn sí àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí, mo ní rárá, òfin kò mọ ẹbí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn ò sì tíì dárí jì mí di òní. Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi náà ń yọ́ nǹkan ṣe, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ yẹn?"

Ìyàwó rẹ̀ fi eyín já òwú.

"Tíṣà, ṣé ẹ jẹ nǹkan kan?" mo béèrè. Ó yẹ kí n béèrè, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Rárá."

"Ó tán."

"Kò tíì tán," ni ó wí. "Tí ìdáhùn bá kọ̀ tí kò bọ́ sí i, kí lo máa ṣe?"

"Màá tún un ṣe láti òkè, sà."

"Ó yá. Kí lo wá ń dúró dè?"

Ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kó irin ìwọ̀n wa sórí òṣùwọ̀n Ìyá Alásè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi gíráàmù kan ṣì. Mo ka ìwé oúnjẹ Tíṣà láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹyin mẹ́ta, bọ́tà gíráàmù ogún, ẹja ọgọ́jọ, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ìwọ̀n kí ó tó jẹun, ìwọ̀n lẹ́yìn tó jẹun tán. Kò sí àjẹkù, torí òfin ilé náà ni pé kí oníkálukú fi ọ̀bẹ rọ́bà ha àwo rẹ̀, kó sì lá ohun tó bá há. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìwà ìbàjẹ́ ni àwo lílá, lójoojúmọ́ ló ń lá àwo níwájú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ ìgò áyódìn. Ẹ̀kán rẹ̀ kan lórí ohunkóhun tó bá ní ìyẹ̀fun nínú, àwọ̀ rẹ̀ á di dúdú bí taró. Mo kán an sínú ọbẹ̀, sórí ẹran, sórí wàràkàṣì, sínú àpòpọ̀ ewébẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kán an sí mi lórí náà ni?" ni Ìyá Alásè béèrè.

"Ẹ má bínú, mà."

"Kán an. Bóyá mo ti di ànàmọ́ láì mọ̀."

Kò sí èyí tó dúdú. Inú mi dùn bí ẹni tó rí nǹkan he, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí nǹkan kan. Ilẹ̀kùn kan ti tì. Èyí tó kù ti dín kù nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí a tú ẹrù. Ojú ń tì mí dé ìgìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó Tíṣà ti gbé àpò tirẹ̀ sílẹ̀ kí n tó wọlé.

"Ọ̀dọ̀ mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀," ó ní, "kí wọ́n má baà ní èmi ni mò ń gbé e wọlé fún wọn."

Mo ṣí agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Lábẹ́ bọ́tìnnì, nínú ègé aṣọ funfun tó rán etí rẹ̀ dáadáa, ni bisikíìtì kan wà, yípo, odidi.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Bisikíìtì. O ò rí i rí ni?"

"Mà…"

"Kà á. Ẹyọ kan ni. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti gbé e wá. Mi ò bù ú jẹ. Mo kàn máa ń gbóòórùn ẹ̀ kí n tó sùn."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ibùsùn mú. "Ọ̀daràn ti wà nítòsí mi látọjọ́ yìí! Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá olè níta, olè ń gbóòórùn nílé!"

Mo wọn bisikíìtì náà. Ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí irú rẹ̀ lọ́jà náà ló ṣì ní, ẹ̀rúnrún kan kò kúrò lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dá a padà sínú aṣọ rẹ̀. Ẹni tó lè fi ebi sùn ti bisikíìtì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ó tó kí wọ́n fún un ní oyè. Nínú ẹrù Tíṣà, ìwé àdììtú mẹ́rin àti ìbọ̀sẹ̀ ni mo rí.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tan àtùpà kékeré kan tí a rọ ọtí líle tó mọ́ kedere sí, mo gbé e sábẹ́ ìbòrí. Iná irú rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yí padà: mẹ́tàdínláàádọ́rin. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́tàdínláàádọ́rin. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́, kí n tó rántí pé tí ẹ̀rọ bá jẹ́ olóòótọ́, ọ̀rọ̀ Tíṣà ti burú sí i nìyẹn.

Ó ku ìtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń jó ọ̀rá gidi gan-an, tí a bá ki bébà kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, bébà náà á di elésè àlùkò. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni bébà Tíṣà ti ń di elésè àlùkò. Mo gbé e lọ síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n bí agbẹjọ́rò tó rí ẹlẹ́rìí.

"Ìtọ̀ ta ni?" ni ó bi mí.

"Ti Tíṣà, mà."

"Káfíńtà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn mẹ́fà yẹn, ń sùn ní ibùsùn kejì sí i, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìtọ̀ Káfíńtà ni wọ́n yá a?"

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo dúró nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ike kékeré lọ́wọ́, mo dojú kọ ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀.

"Kọjú sí ògiri," ni Tíṣà wí.

"Tíṣà, wọ́n ní kí n máa wò ni, sà."

"Ọjọ́ tí mo nà ọ́ pé o wo ìwé ẹlòmíì, ṣé ẹ̀san ẹ̀ lò ń gbà yìí?"

Bébà náà pọ́n, ó sì ṣú, elésè àlùkò tó jinlẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ni, ojú mi ló ṣe. Ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ gbé èsì tirẹ̀ jáde: méjìléláàádọ́rùn-ún.

Ẹlẹ́rìí méjì, ara kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní ọkùnrin yìí ń jó ọ̀rá, èkejì ní ṣúgà ló ń jó. Mo rò ó lójú ọ̀nà, mo rò ó nídìí oúnjẹ, mo kọ èsì méjèèjì sórí ògiri ọkàn mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló tètè rí ọ̀nà àbáyọ, ọ̀nà náà kò sì dára fún wa.

"Ìtọ̀ ń sọ ìtàn òru," ó ní. "Èémí ń sọ ìtàn ìsinsìnyí. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ ṣúgà mọ́jú, tó wá ju nǹkan dídùn sẹ́nu kí ìbòrí tó bò ó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà rẹ̀ máa rí. Láàárọ̀ kùtù ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni màá jókòó tì í kó tó lajú. Mo máa rí i."

Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù. Mo sọ fún Tíṣà. Ó fi orí dáhùn.

"Ó dáa," ó ní. "Kó wá wò mí. Ẹni tí kò bá ní nǹkan lọ́wọ́, kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò."

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó sórí àga oníke nídìí ibùsùn Tíṣà, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Tíṣà, tí yàrá tirẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti gbé àga síta láti máa wò wá. Tíṣà lajú.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ sùn dáadáa?"

"Mi ò sùn, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi sùn."

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwẹ̀, mo tẹ̀ lé e padà. Ó nu ojú rẹ̀. Ó mu omi rẹ̀, ó jókòó díẹ̀, ó na ẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní kó ya ẹnu, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó wo abẹ́ ìrọ̀rí. Kò sí nǹkan kan. Mo fi ìbòrí bo Tíṣà, mo tan ẹ̀rọ.

Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé, tí ẹ̀rọ bá ti tàn, a ó pa ilẹ̀kùn dé, a ó jáde, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè sinmi. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ á pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, á tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo sórí bébà. Nọ́ńbà kan yẹn nìkan là ń kà. Ohun tó ń kọjá lójú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó ń jókòó wò ó, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í sì í tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn nìkan la ò jáde.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ní méjìdínlọ́gọ́rin. Ó lọ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú. Mo rí i pé òun náà ń retí, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n já òun nírọ́.

Ó fò sí ọgọ́rùn-ún lé márùn-ún.

"Áà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ó padà sí ọgọ́rin. Ó wá sí mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó tún fò, ọgọ́rùn-ún lé méjì. Ó tún padà.

Mo dúró gbọnin. Ara tó ń jó ṣúgà kì í jó o báyìí. Bí àtùpà ni, ó máa ń rọra tàn, ó máa ń rọra kú. Kò sí ara kan láyé tó ń jó ọ̀rá fún ìṣẹ́jú kan, tó yí sí ṣúgà fún ìṣẹ́jú kan, tó tún yí padà sí ọ̀rá bí ọmọdé tó ń tan iná tó ń pa á. Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo lọ dúró ti orí Tíṣà. Ó di ojú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀. Mo rí i tí ó fi ìwà ọmọlúàbí pa ètè dé. Láti inú ìbòrí, ohùn kékeré kan jáde: gúù.

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kà láti ẹ̀yìn mi.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má wo ẹ̀rọ, mà. Ẹ wo Tíṣà. Ẹ kàn máa fetí sí i."

A dúró. Gúù. Nọ́ńbà fò. A tún dúró. Gúù, èyí kéré díẹ̀. Nọ́ńbà fò, kò ga tó ti tẹ́lẹ̀.

"Ó ń gùfẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí wẹ́rẹ́.

"Gáàsì tí ẹ̀rọ ń kà yẹn, mà, kì í ṣe ara rẹ̀ ló ṣe é. Ó gbé e mì ni. Tíṣà, kí lẹ mu láàárọ̀ yìí?"

Tíṣà kò lajú. Ó gbé ìka ìlábẹ̀ sókè, ó nà án sí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, tí kò jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ìgò omi sódà ńlá kan ló wà níbẹ̀. Ó ti mu ú dé ìsàlẹ̀. Níwájú wa ló ti mu ú. A wò ó títí tó fi gbé ìgò náà sílẹ̀, a sì ń wá búrẹ́dì.

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. "Sódà?" ó ní. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mu ún! Bọ́tà ń dì wọ́n láyà, tí wọ́n bá gùfẹ̀ ara á tù wọ́n. Ṣé ìyẹn náà wá jẹ́ oúnjẹ ni?"

Mo sáré pe Ìyá Alásè. Ó wá tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

"Èmi ni mò ń gbé e fún wọn láti ọjọ́ kẹta," ó ní. "Kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí kálórì níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, mà, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn: ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ òdo, bí omi, kí n má fi tàdáwà ṣòfò lórí rẹ̀. Mi ò sì fi ṣòfò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò náà, ó yí i, ó ń ka ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé ẹjọ́. "Kálórì, òdo. Ṣúgà, òdo. Ọ̀rá, òdo." Ó wá tẹ ìka sí ìlà tó gbẹ̀yìn. "Gáàsì kábọ́ọ̀nù."

Lójú ẹ̀rọ, sódà inú Tíṣà ti ń tán lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mọ́kànlélọ́gọ́rin. Méjìdínlọ́gọ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin. Ó dúró síbẹ̀, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún, láì mì, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ẹni tó ń pa àdéhùn mọ́.

Ìyàwó Tíṣà pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, ó dún bí ìbọn. Ìyá Alásè gbé ṣíbí sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ya ewé tó fẹ́ kọ ẹ̀sùn Tíṣà sí nínú ìwé rẹ̀, ó ká a, ó sì kì í bọ àpò ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòrí kí ojú òun àti ti Tíṣà lè ṣe déédéé.

"Ẹ forí jì mí, sà," ó ní. "Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín sí nǹkan kan. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kó dá mi lójú. Ṣé ó ṣì ku ọ̀kan níbẹ̀?"

Tíṣà lajú. Ó wò ó láti abẹ́ ike, ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó gba afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé àyà sókè, ó sì gùfẹ̀ kan tó gbọn ìbòrí náà. Gbogbo wa yíjú sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà sì fò lọ sókè.